Ilé Kan Ṣoṣo Tí Dókítà Adìẹ Fò

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ ni wọ́n ń pè é mọ́ ládùúgbò. Dókítà Adìẹ ni tọmọdé tàgbà ń pè é, òun náà sì ti gbà á bẹ́ẹ̀. Dókítà ẹran ọ̀sìn ni, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, àmọ́ bó bá la ẹnu, ẹ ó rò pé ọkùnrin méjì ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀fìnkìn ẹyẹ wọ ìlú, tí àyà gbogbo ènìyàn ń já, òun ni wọ́n ní kó máa wá la aráàlú lọ́yẹ lórí rédíò láràárọ̀.

"Ẹ gbọ́ mi," á ní, "kòkòrò àrùn yìí, ti ẹyẹ ni. Kò tíì mọ bó ṣe máa ń ti ara ènìyàn kan bọ́ sára ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ráyè wọ ara ènìyàn, ńṣe ló ń kọ́ṣẹ́. Ọjọ́ tó bá mọ iṣẹ́ ọ̀hún tán, kì í ṣe ẹkún olóko adìẹ nìkan la máa gbọ́, ẹkún gbogbo ayé ni. Ẹ má pa ẹyẹ tó ń ṣàìsàn jẹ. Ẹ má fi í pamọ́. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn."

Oko adìẹ ńlá kan tó wà létí odò ni wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀. Orí adìẹ wú, ogbe wọn dúdú, wọ́n ń ṣubú lulẹ̀ bí èso tó pọ́n jù. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò jáde, ìjọba pàṣẹ pé gbogbo ẹyẹ ọ̀sìn tó wà ní àwọn àdúgbò tó yí oko náà ká ni kí wọ́n pa, ìbáà ṣe pé ara wọn le koko. Dókítà Adìẹ ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tó máa ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó tẹ̀ lé e ni ọkùnrin kan tó ti ṣe sójà rí, tí wọ́n ń pè ní Sàájẹ́ntì, tó máa ń rìn bí ẹni pé wọ́n ṣì ń ka ẹsẹ̀ fún un. Aṣọ funfun tó bò wọ́n látorí dé ẹsẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀, pẹ̀lú ìbòmú àti ìbọ̀wọ́, wọ́n á wá máa ti ilé dé ilé. Àwọn ọmọdé máa ń sá fún wọn. Àwọn àgbà kì í sá, àmọ́ wọn kì í kí wọn.

Nígbà tí iṣẹ́ náà dé òpópónà tí wọ́n ti bí Dókítà, ilé Ìyá Ẹlẹ́yin ni wọ́n kọ́kọ́ yà. Opó ni Ìyá Ẹlẹ́yin, ẹyin àwọn adìẹ tó ń sìn lẹ́yìnkùlé ló fi ń tọ́ àwọn ọmọbìnrin méjì tí ọmọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ilé rẹ̀ dojú kọ ti bàbá Dókítà, ọ̀nà tóóró ló wà láàárín wọn.

"Ọmọ mi," ni obìnrin náà wí, ó di ọwọ́ Dókítà mú pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, "ìwọ tó jẹ́ pé ilé mi lo ti máa ń jẹun bí ìyá rẹ bá pẹ́ níbi iṣẹ́. Wò wọ́n dáadáa. Èwo ló jọ èyí tó ń ṣàìsàn níbẹ̀? Fi díẹ̀ sílẹ̀ fún mi, bó ṣe méjì péré."

"Ìyá, ẹ má bínú. Òfin ò mọ ará, kò mọ ìyekan. Bí mo bá fi tiyín sílẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tó kàn?"

Ìyá Ẹlẹ́yin wo ojú rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló jọ́wọ́ rẹ̀. "Òótọ́ lo sọ," ló wí. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ inú àgò lọ, tó ń mú àwọn adìẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń gbé wọn fún Sàájẹ́ntì, nítorí ó ní bí àlejò bá lé wọn, ẹ̀rù á bà wọ́n kí wọ́n tó kú. Nígbà tó gbé èyí tó kẹ́yìn sílẹ̀, ó gbọn ìyẹ́ kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó sì wọlé.

Wọ́n jáde. Sàájẹ́ntì kọjá sí òdìkejì ọ̀nà, ó ti gbọ́wọ́ lé géètì.

"Sàájẹ́ntì, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀," ni Dókítà sọ. "Ilé bàbá mi ni. Mo ti yẹ ibẹ̀ wò. Kò sí ẹyẹ níbẹ̀ mọ́."

Sàájẹ́ntì wo géètì, ó wo ilẹ̀, ó wo ọ̀gá rẹ̀. "Ó dáa, ọ̀gá," ló wí, wọ́n sì lọ sí ilé tó tẹ̀ lé e.

Irọ́ ni. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ kún ẹ̀yìnkùlé náà.

Ìyá Dókítà ló ni wọ́n. Nígbà tí obìnrin náà kú, ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àga kan nítòsí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, nítorí télọ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì dìde mọ́. Kò sunkún, kò sọ̀rọ̀. Oúnjẹ tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ á tutù síbẹ̀. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ló gbé e dìde. Ebi ń pa wọ́n, wọ́n ń pariwo lẹ́yìnkùlé, kò sì sí ẹlòmíràn tó máa dá wọn lóhùn, ló bá dìde. Látìgbà náà ló ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ará ilé sọ̀rọ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, tó máa ń kígbe mọ́ ẹni tó bá pẹ́ kó tó gbé omi dé, Àǹtí ló ń pè é.

Kí iṣẹ́ pípa náà tó dé òpópónà yẹn, Dókítà lọ sí ilé bàbá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti lọ sọ fún un. Ó bá a níbi tó ti ń rẹ búrẹ́dì sínú omi.

"Ìyá rẹ ló ní kí n máa rẹ ẹ́ fún wọn," ni bàbá náà wí. "Ó ní eyín ń dùn wọ́n."

"Bàámi, pẹ́pẹ́yẹ ò léyín."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní ohun tó jẹ́ kó máa dùn wọ́n gan-an nìyẹn."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí Dókítà ti gbọ́ ẹ̀rín bàbá rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà wò. Ojú wọn mọ́, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń jà lórí búrẹ́dì. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé wọn kì í jáde, pé wọn ò dé odò rí. Bẹ́ẹ̀ ó mọ̀, òun náà ló sì ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn, pé pẹ́pẹ́yẹ lè gbé àrùn yìí kiri láìṣàìsàn, bí ẹni tó gbé ẹrù tí kò wúwo. Ó mọ̀ pé àwọn ẹyẹ igbó máa ń bà sínú ọpọ́n omi ẹ̀yìnkùlé náà. Síbẹ̀, kò sọ ohun tó bá wá. Ó kí bàbá rẹ̀ pé ó dàbọ̀, ó lọ.

Ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fò ilé náà ni bàbá rẹ̀ pè é lórí fóònù pé ara òun ń gbóná. Nígbà tó dé ibẹ̀, ojú bàbá náà pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ikọ́ ń gbé e ṣánlẹ̀, kò lè sọ gbólóhùn kan parí kó má mí. Ó gbé e sínú mọ́tò, ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n jẹ́ ọmọbìnrin kan tó lọ́yàyà. Ó fún wọn ní ìbòmú, ó wọn ìgbóná ara bàbá náà, ó wá bèèrè pé, "Ṣé bàbá fọwọ́ kan ẹyẹ kankan láìpẹ́ yìí? Adìẹ, pẹ́pẹ́yẹ, ẹyẹlé?"

Dókítà fúnra rẹ̀ ló lọ kọ́ àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn náà pé kí wọ́n máa bi gbogbo ẹni tó bá ń wúkọ́ ní ìbéèrè yẹn. Ó gbọ́ ọ bí ẹni pé ohùn ara rẹ̀ ló ń bi òun. Bó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á béèrè ibi tí ẹyẹ ti wá. Bí wọ́n bá béèrè ibi tí ẹyẹ ti wá, gbogbo òpópónà á gbọ́.

"Rárá o," ló wí. Ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fi ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Wọ́n gbé bàbá náà sí wọ́ọ̀dù gbogboogbò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíríkìlà kan tí àyà ń dùn, tó ń sín léraléra. "Ọ̀fìnkìn lásán ni tiẹ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ó ń jà nígboro. Àmọ́ ó wọ̀ ọ́ láyà díẹ̀." Bíríkìlà náà jẹ́ aláwàdà. Ó ní òjò ló pa òun lórí ilé onílé, pé bí wọ́n bá kọ́ ilé náà tán kí wọ́n fún òun ní yàrá kan níbẹ̀, òun ti fi ẹ̀mí òun ra á. Nígbà tí ikọ́ mú bàbá Dókítà, bíríkìlà náà ló na kọ́ọ̀pù omi tiẹ̀ sí i. "Ẹ mu díẹ̀, Bàbá. Kò sí oògùn ikọ́ tó ju omi lọ."

Dókítà jókòó síbẹ̀, ó rí kọ́ọ̀pù náà bó ṣe ń lọ láti ẹnu kan dé ẹnu kejì. Nínú gbogbo ohun tó ń bà á lẹ́rù nínú iṣẹ́ rẹ̀, kò sí èyí tó ju èyí lọ: kí ọ̀fìnkìn ẹyẹ àti ọ̀fìnkìn ènìyàn pàdé nínú ara ẹnì kan ṣoṣo, kí èyí tó mọ̀nà fi ọ̀nà han èyí tí kò mọ̀ ọ́n. Ó ti sọ ọ́ lórí rédíò títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Òun náà ló wá tẹ́ ibùsùn wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn yìí.

Síbẹ̀, kò dìde. Ìtìjú mú un mọ́lẹ̀ lórí àga.

"Ọmọ mi," ni bàbá rẹ̀ sọ wúyẹ́wúyẹ́, "bá mi wo àwọn tó wà nílé. Àǹtí ti kú."

"Ẹ ní kí ni?"

"Ó kú. Ó kàn ń yí orí po, kò lè dìde. Mo gbé e mọ́ àyà títí ó fi dákẹ́." Ó mí, ó tún mí. "Mi ò bẹ̀rù. Bó bá jẹ́ àìsàn yẹn ló ń ṣe wọ́n, ṣebí ọmọ mi ò ní fi wọ́n sílẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Ìgbà tí mo rí i pé o ò wọlé wá kó wọn, mo mọ̀ pé o ti wò wọ́n, o rí i pé wọ́n mọ́. Mo tiẹ̀ sọ fún Ìyá Ẹlẹ́yin bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ máa ń wá bá wọn ṣeré, kí wọ́n lè gbàgbé ọ̀rọ̀ àwọn adìẹ wọn."

Bí ilẹ̀ bá lanu lójú ẹsẹ̀ yẹn, Dókítà ì bá bọ́ sínú rẹ̀, ì bá sì dúpẹ́. Ó ti rò pé bàbá òun mọ̀ pé òun ń rú òfin nítorí rẹ̀. Ó ti rò pé àṣírí àwọn méjèèjì ni. Bàbá náà kò mọ nǹkan kan. Ńṣe ló gbà á gbọ́.

Ó dìde. Ó lọ bá nọ́ọ̀sì. "Mo parọ́ fún yín," ló wí. "Pẹ́pẹ́yẹ wà nílé bàbá mi. Ọ̀kan ti kú mọ́ ọn láyà. Ẹ gbé bíríkìlà yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ti wọ́ọ̀dù náà pa."

Nọ́ọ̀sì tẹjú mọ́ ọn. "Ohùn yín yìí... Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò?"

"Èmi ni."

"Mo mà ń fọ́mọ lọ́mú o, mà," ni ọmọbìnrin náà wí. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Mo ti gbé bàbá yín jókòó. Mo ti nu itọ́ ẹnu wọn. Ọmọ mi ò tíì rìn."

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, wọ́n ti wọ́ọ̀dù náà pa. Wọ́n gbé bàbá Dókítà lọ sí yàrá àdádó. Bíríkìlà, nọ́ọ̀sì, Dókítà fúnra rẹ̀ àti gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n fún wọn lóògùn, wọ́n fi òwú nu inú imú wọn, wọ́n sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Lójú fèrèsé yàrá tí wọ́n fi Dókítà sí, ó ń rí àwọn ẹbí tí wọ́n dúró níta, tí wọ́n ń nawọ́ sókè sí àwọn ènìyàn wọn. Ọkùnrin kan gbé ọmọ ọwọ́ dání. Kò béèrè ọmọ ta ni. Ó kúrò lójú fèrèsé.

Ó pe Sàájẹ́ntì. "Ẹ lọ sílé bàbá mi," ló wí. "Pẹ́pẹ́yẹ wà níbẹ̀. Irọ́ ni mo pa fún yín."

"Ọ̀gá, mo rí ìyẹ́ lẹ́nu géètì lọ́jọ́ náà," ni Sàájẹ́ntì wí. "Mo ní ọ̀gá ló mọ ohun tó ń ṣe. Èmi náà jẹ̀bi."

"Ẹ má gba ìyẹn. Tèmi nìkan ni. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ-ọmọ Ìyá Ẹlẹ́yin, ẹ kó wọn lọ fún àyẹ̀wò."

Èsì bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé: ọ̀fìnkìn ẹyẹ ni. Láti ìgbà náà, gbogbo ilé ìwòsàn ń wo àwọn tó kù. Dókítà àgbà tó ń bójú tó wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá Dókítà Adìẹ, ó sọ ọ́ láìfi bò, "Bí àrùn bá ti ara pẹ́pẹ́yẹ wọ ara bàbá yín, a mọ̀ bó ṣe rìn. Bó bá ti ara bàbá yín wọ ara ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìlú yìí nìkan. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù mí lọ."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìròyìn dé pé ara nọ́ọ̀sì ń gbóná, ó sì ti ń sín.

Ẹni tí kò bá tíì wà ní irú ipò yẹn rí kò lè mọ̀ ọ́n. Dókítà kò lè jẹun. Ó gbìyànjú láti gbàdúrà, àmọ́ ojú ń tì í láti pe Ọlọ́run. Kì í ṣe ayé ló ń rò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ayé ló ń sọ láràárọ̀. Ọmọ tí kò tíì rìn ló ń rò. Ó ń gbọ́ ohùn tí kò pariwo yẹn ṣáá.

Nígbà tí èsì dé, dókítà àgbà náà ti ń rẹ́rìn-ín láti òkèèrè. Ọ̀fìnkìn lásán ni ti nọ́ọ̀sì, ara bíríkìlà ló ti kó o. Bíríkìlà náà kò ní ti ẹyẹ lára. Àwọn ọmọ-ọmọ Ìyá Ẹlẹ́yin mọ́. Wọ́n tún àyẹ̀wò náà ṣe, ó jẹ́ bákan náà. Kòkòrò náà wọ ara ènìyàn kan, ó wá ọ̀nà tó máa gbà jáde, kò rí i. Àwọn ènìyàn wọ́ọ̀dù náà dì mọ́ ara wọn. Dókítà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún, kò sì mọ̀ bóyá ayọ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n tú wọn sílẹ̀, ó lọ bẹ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ tán. "Mo ti dárí jì yín, mà," ló wí, "àmọ́ ẹ má wá kí mi nílé o."

Bàbá rẹ̀ kò kú. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò padà sí bó ṣe wà mọ́, bó bá rìn láti yàrá dé fàráńdà, ó ní láti jókòó. Nígbà tí wọ́n gbé e délé, ẹ̀yìnkùlé ti dákẹ́. Wọ́n ti fi oògùn fọ gbogbo ibẹ̀. Dókítà kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

"Ìwọ lo mọ̀wé," ni bàbá náà wí nígbà tó yá. "Bí o bá ní kí n kó wọn fún ọ, ǹ bá sunkún, àmọ́ ǹ bá kó wọn fún ọ. Kí ló dé tí o rò pé mi ò lè gbé e?"

Dókítà dìde lórí ìkúnlẹ̀.

Ó kọjá sí òdìkejì ọ̀nà. Ìyá Ẹlẹ́yin ń fọ aṣọ, kò dìde, kò sì ní kó jókòó.

"Kì í ṣe adìẹ ló ń dùn mí," ni obìnrin náà wí kí Dókítà tó sọ̀rọ̀. "Adìẹ á kú, èèyàn á tún ra òmíràn. Ìgbà tí àwọn ará àdúgbò ń bú ọ pé o ya ìkà, èmi ni mo gbèjà rẹ. Mo ní ẹ fi í sílẹ̀, ọmọ òtítọ́ ni, kò mọ ará, kò mọ ìyekan. Mo fi ọ̀rọ̀ tó o sọ sí mi lójú gbèjà rẹ!" Ó fún aṣọ ọwọ́ rẹ̀ títí omi inú rẹ̀ fi tán. "Àwọn ọmọ mi gbé pẹ́pẹ́yẹ yẹn lé itan."

"Ìyá, mi ò ní ohun tí mo lè sọ."

"Mo mọ̀. Máa lọ. Bàbá rẹ ò tíì jẹun."

Dókítà lọ sí ọ́fíìsì, ó sọ ohun tó ṣe fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó bá a sọ ọ́. Wọ́n mú un kúrò lórí rédíò, wọ́n gba ipò olórí lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún Sàájẹ́ntì. Wọ́n ní bó bá fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò burú. Ikú yá ju ẹ̀sín, ni àwọn àgbà wí. Ó ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, àmọ́ ó rí i pé ẹyẹ ṣì ń kú ní àwọn àdúgbò tó kù, ọwọ́ tó máa ṣe iṣẹ́ náà kò sì tó. Ó ní òun á dúró, òun á máa fọ́n oògùn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́, òun ló rìn kẹ́yìn, ó gbé agolo oògùn pọ̀n. Ìròyìn ti ṣáájú wọn dé. Wọ́n dé ilé ìyá arúgbó kan tó fi ara dí ẹnu ọ̀nà. Sàájẹ́ntì ṣàlàyé fún un, àmọ́ kò wo Sàájẹ́ntì. Dókítà ló ń wò.

"Ìwọ kọ́ ni Dókítà Adìẹ? Ṣé o ti pa ti ilé yín?"

Ó yọ ìbòmú kúrò lójú kí obìnrin náà lè rí i dáadáa. "Wọ́n ti pa wọ́n, mà. Èmi kọ́ ni mo pa wọ́n. Tiwa ló yẹ kí n kọ́kọ́ pa, mi ò ṣe é, díẹ̀ ló kù kó pa bàbá mi. Ó kù díẹ̀ kó pa ẹni ẹlẹ́ni."

Ìyá arúgbó náà fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo agolo tó wà lẹ́yìn Dókítà. Lẹ́yìn náà ló yà kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ rọra mú wọn," ló wí. "Ọ̀kan nínú wọn ń sàba."